Bí Ọ̀gá Gbólóhùn Ṣe Ti Àpáta Pa

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dìde díẹ̀, nítorí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa dárúkọ òun lórí àga. Òun ni Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Pápá, Òkè, àti Gbogbo Ohun Tó Wà Láàárín Méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fún un níṣẹ́, Olùdarí Ọ̀rọ̀ Pápá lásán ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òkè kún un, nígbà tó sì rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun jà, ó gba àárín méjèèjì pẹ̀lú. Àwọn ará ìlú kò ní àsìkò tí wọ́n máa fi pe gbogbo ìyẹn tán, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Gbólóhùn. Bí ọ̀gá bá fẹ́ sọ pé "Ẹ káàárọ̀," yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àárọ̀ jẹ́, àti ipa ribiribi tí ọ́fíìsì òun kó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ti tó, ẹ lè jókòó. Kò sí nítòsí.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà tó ga jù. Wọ́n ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ àga àlejò kúrú níbẹ̀, kí ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan lè máa gbójú sókè wo ọ̀gá. Ó ní akọ̀wé, ó ní awakọ̀, ó sì ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lọ. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Apàtẹ́wọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ń jókòó sí. Bí ọ̀gá bá ti dánu dúró láti mí, yóò pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n bá ọwọ́ òun lórí itan? Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló ń gbọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dá, ọwọ́ rẹ̀ a ti dún.

Lẹ́yìn ìlú ni pápá ìjẹko kan wà tí àpáta ńlá kan dúró sí láàárín rẹ̀. Ìyá Onímàlúù ló ni pápá náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn màlúù tó fi sílẹ̀ ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ títí tí wọ́n fi lọ sílé ara wọn. Ó mọ màlúù kọ̀ọ̀kan lójú, ó mọ èyí tó ń jowú, ó mọ èyí tó ń dọ́gbọ́n tiro bí wọ́n bá fẹ́ fún un lóògùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn agunpáta máa ń wá pẹ̀lú okùn wọn, wọ́n á kí ìyá, wọ́n á sì pa géètì dé kí màlúù má baà jáde. Onígbàjámọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì ọ̀gá ni olórí wọn. Àwọn agunpáta yìí ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ojú ibì kan gun àpáta, òun ló ni orúkọ tí wọn yóò máa pe ibẹ̀ títí ayé. Orúkọ ìyàwó ni ẹlòmíì fún tirẹ̀. Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ níbẹ̀ pe tirẹ̀ ní "Yéè, Màmá Mi."

Ọdún yẹn ni àrùn ẹnu àti pátákò wọ àwọn oko tó yí ìlú ká. Àrùn burúkú ni. Ìléròrò á yọ sí màlúù lẹ́nu, kò ní lè jẹun, pátákò rẹ̀ á máa dùn ún, á máa tiro. Kì í pa èèyàn, àmọ́ ó ń bá èèyàn rìn. Ó ń wọ bàtà, ó ń wọ táyà, kì í sì í san owó ọkọ̀. Agbo tí wọ́n bá ti rí i nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n ń pa, àtèyí tó ń ṣàìsàn àtèyí tí ara rẹ̀ le. Nígbà tí Ìyá Onímàlúù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Dókítà Ẹran, obìnrin kan tó máa ń sọ òótọ́ láìfi oyin sí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni onígbàjámọ̀ wá bá àwọn méjèèjì nínú ilé ìdáná.

"Màmá, a ò ní wá mọ́ títí nǹkan yìí á fi kásẹ̀ ńlẹ̀," ló wí. "Àpáta ò ní sá lọ."

"Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ọmọ mi."

Dókítà Ẹran gbé ọpọ́n gbọọrọ kan sí ẹnu géètì, ó bu omi oògùn sí i, ó ní ẹnikẹ́ni tí wíwọlé bá di dandan fún, kó rì bàtà rẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó tẹ koríko. Ó parí. Àwọn èèyàn mẹ́ta ti jókòó sí ilé ìdáná, wọ́n ti fi làákàyè yanjú ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá gbọ́ pé nǹkan kan ti dára láìsí òun níbẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Dókítà Ẹran, ó sì fi í sórí àga kúkúrú.

"Ta ló ti àpáta yẹn pa?"

"Kò sẹ́ni tó tì í, sà. Àwọn tó ń gùn ún ló gbà pé àwọn ò ní wá."

"Wọ́n gbà? Láìsí ayẹyẹ? Àpáta tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa, wọ́n ń tì í pa nínú ilé ìdáná?" Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò. "Dókítà, ìjọba tí kò bá ti nǹkan pa ní gbangba, ṣé ìjọba nìyẹn? Èmi fúnra mi ni màá tì í. Màá pe gbogbo ìlú sí pápá yẹn, ọmọdé àtàgbà, kí n sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá síbẹ̀!"

"Sà, wíwá èèyàn gan-an la ń sá fún."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn wá, tí wọn ò bá wá?"

Ó dánu dúró láti mí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé òun lọ sí oko kan tí wọ́n ń fura sí pé àrùn náà ti dé. Ó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú màlúù tó ń ṣàìsàn, kí aráyé lè rí i pé ọ̀gá ń káàánú. Bàtà awọ tuntun tó rà fún ayẹyẹ ló wọ̀ lọ. Ó gbá màlúù náà lọ́rùn mọ́ra, màlúù náà da itọ́ sí i lára, ó rẹ́rìn-ín, fọ́tò náà sì dára. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí? Bàtà yẹn ò wọlé yìí o."

"Iṣẹ́ ìlú ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Iṣẹ́ ìlú ń rùn. Ẹ jẹ́ n gbé omi wá, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́."

"Omi kẹ̀? Sí awọ yìí? Ṣé o fẹ́ ba ìjọba jẹ́ ni?"

Ó mú aṣọ pelebe, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì nu ojú bàtà náà títí ó fi ń kọ mànà. Kò kan abẹ́ rẹ̀, nítorí pé abẹ́ bàtà kì í jáde nínú fọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ mi orí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọjọ́ kejì, èrò kún ẹnu géètì bámúbámú. Wọ́n gbé gbohùngbohùn dúró, akọ̀ròyìn rédíò ń gbé e sáfẹ́fẹ́, àwọn onílù méjì sì ń lu ìlù tí kò bá ara wọn mu. Dókítà Ẹran dúró ti ọpọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ le. Olúkúlùkù rì bàtà rẹ̀ kó tó wọlé, onígbàjámọ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ti fipá pè kó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lé e. Ó kan ọ̀gá. Ọ̀gá wo omi oògùn náà, omi náà dúdú, ó ń hó fúúfúú.

Ìyá Onímàlúù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò ní nǹkan míì láyé ju àwọn ẹran yìí lọ."

"Màmá, ẹ dìde. Àrùn mọ ẹni tó ń wọ̀. Ẹsẹ̀ aláṣẹ kì í gbé àrùn, àṣẹ ló ń gbé." Ó yíjú sí awakọ̀ rẹ̀. "Wá pákó fún mi."

Awakọ̀ gbé pákó kan dábùú ọpọ́n náà, ọ̀gá sì gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba afárá, ó ń juwọ́ sí èrò. Ìyá Onímàlúù dìde, ó gbọn eékún, ó sáré lọ sí ilé àwọn màlúù rẹ̀ ní òpin pápá, ó sì fi irin há ilẹ̀kùn wọn mọ́ wọn. Ìgbà mẹ́ta ló padà wá fa irin náà wò.

Mi ò ní kó gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀gá síbí. Ìwé wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé jẹ́ òfìfo, ó gba ọ̀dọ̀ màlúù àkọ́kọ́ kọjá, nígbà tó sì dé orí ara rẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń sùn lẹ́yìn ìyá wọn. Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Èyí tó ṣe pàtàkì nìyí, ó sì lọgun rẹ̀ ketekete sí rédíò:

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe tálákà, ìbáà ṣe èmi alára, tó bá fi bàtà tí kò kan omi oògùn wọ pápá yìí, kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ títí Dókítà Ẹran yóò fi sọ pé ó tó! Ẹnikẹ́ni tó bá sì fọwọ́ kan àpáta yìí, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é!"

"Ìbáà ṣe èmi alára" kò sí nínú ohun tó múra láti sọ. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó bá ń dùn lẹ́nu yín, ẹ̀yin ará.

Pátákó kan wà tí wọ́n kọ "A TI TI ÀPÁTA YÌÍ PA" sí lára, tí orúkọ ọ̀gá sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju ìkéde lọ. Ọ̀gá ní ọwọ́ òun ni yóò gbé e dé orí àpáta. Dókítà ní rárá. Onígbàjámọ̀ ní ibi tí ọ̀gá ń wò yẹn, kò sẹ́ni tó gbà á rí, torí pé ó rọrùn láti gòkè níbẹ̀ àmọ́ kò sí ọ̀nà àtisọ̀.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!" ni Apàtẹ́wọ́ kígbe láti ẹ̀yìn. Owó oṣù rẹ̀ ló ń wò ní tirẹ̀.

Ọ̀gá gùn ún. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gùn ún. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó fi ikùn wọ́, ó fi eékún wọ́, títí ó fi dé etí àpáta kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó gbé pátákó náà dúró. Ó yíjú padà láti juwọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ìgbà náà ló wo ilẹ̀.

Ó gbá àpáta náà mọ́ra bó ṣe gbá màlúù àná.

"Ẹ... ẹ wá gbé mi sọ̀!"

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ̀wọ̀n ni, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórí rédíò."

"Mo ti fagi lé e!"

"Háà, ọ̀gá. Láìsí ayẹyẹ?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?" ni ọ̀gá fi kígbe mọ́ wọn. Ó tún un sọ. "Mo ní, ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?" Akọ̀ròyìn rédíò na gbohùngbohùn sókè kó má baà sọnù.

Bí ẹ̀rín ṣe ń lọ ni fóònù Dókítà Ẹran dún. Ó gbọ́ ọ, ó dúpẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Èsì àyẹ̀wò oko tí ọ̀gá lọ lánàá ti dé. Àrùn náà ni.

"Ọ̀gá!" ló ké sókè. "Bàtà wo lẹ wọ̀ lọ sí oko lánàá?"

Awakọ̀ ló dáhùn: "Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn yẹn náà ni, dókítà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyá Onímàlúù wà láàárín wọn nígbà yẹn, ó ti padà dé. Kò bú ọ̀gá, kò ṣépè. Ó kàn wo ojú koríko láti géètì dé ìdí àpáta, gbogbo ibi tí bàtà yẹn gbà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí wọ́n wá wò.

Dókítà kò dúró ṣàròyé. Ó ní kí wọ́n fọ́n omi oògùn sí gbogbo ojú ọ̀nà náà. Ó ní kí onígbàjámọ̀ gòkè pẹ̀lú okùn, òun fún un láṣẹ. Ó ní kí wọ́n yí àgbá ńlá tí màlúù fi ń mumi wá sí ìdí àpáta, kí wọ́n da oògùn tó kù sí i. Bàtà ọ̀gá kò gbọdọ̀ kan koríko mọ́, ọ̀gá náà kò sì gbọdọ̀ kàn án kó tó kan omi.

Onígbàjámọ̀ gòkè wẹ́rẹ́. Ó bọ́ bàtà awọ náà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, ó dì í sínú ọ̀rá. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá kan pupa, èkejì ní ihò. Ó de bẹ́líìtì okùn mọ́ ọn ní ìdí àti itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tú u sílẹ̀. Ọ̀gá ń yí bírípé lójú okùn, ó kọjú sí èrò, ó kọ̀dí sí wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ: "Mo fẹ́ kó hàn sí gbogbo yín pé sísọ̀kalẹ̀ yìí, èyí tí ọ́fíìsì mi ti gbèrò tipẹ́tipẹ́..."

Omi oògùn kàn án dé àyà. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

Ìdákẹ́jẹ́ bo gbogbo pápá. Àmọ́ ẹ rántí pé ọkùnrin kan wà lẹ́yìn tí kò mọ nǹkan míì láyé. Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́. Ọmọdé kan tẹ̀ lé e, onílù tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo èrò fi ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn wọn, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ẹnì kejì. Ọ̀gá kò rí irú rẹ̀ gbà rí láti ọjọ́ tó ti wà nípò.

Nígbà tó jáde nínú àgbá, ó ń wá mọ́tò rẹ̀.

"Kò tíì tó, sà," ni Dókítà Ẹran wí.

"Kí ni kò tíì tó?"

"Ẹ ní títí Dókítà Ẹran á fi sọ pé ó tó. Èmi ni. Kò tíì tó."

Wọ́n fi í sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ibi tó jìnnà sí àwọn ẹran. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ àti sálúbàtà wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n oògùn, ó ní kó kú iṣẹ́ ìlú. Láràárọ̀, láti ojú fèrèsé, ọ̀gá ń rí Ìyá Onímàlúù tó ń wọ ilé àwọn ẹran lọ láti la ẹnu wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, abo kan kọ oúnjẹ. Ìyá náà jáde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá na ọrùn jáde.

"Màmá, ní irú àkókò báyìí, ó yẹ kí á rántí pé ìjọba..."

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ó dákẹ́. Ó dúró sí fèrèsé náà láìsọ̀rọ̀ títí Dókítà Ẹran fi dé, tó yẹ ẹnu abo náà wò, tó sì yọ ẹ̀gún kan jáde lára èrìgì rẹ̀. Ẹ̀gún lásán ni. Ìyá Onímàlúù fi ojú kan ọrùn màlúù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ọ̀gá náà fi aṣọ nu ojú, àmọ́ ó ní oògùn inú àgbá ló ta sí òun lójú.

Àrùn náà kọjá lọ. Kò sí màlúù kan tó tiro nínú agbo ìyá náà, àfi èyí tó ń dọ́gbọ́n. Kí Dókítà tó sọ pé ó tó, àwọn tó ju ọ̀gá lọ, tí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò, ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Olùdarí Ọ̀rọ̀ Pápá lásán ni wọ́n pe onítọ̀hún. Apàtẹ́wọ́ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn rẹ̀.

Wọ́n ṣí àpáta padà láìpe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá àná wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti gẹrun. Ó tò, ó dúró de ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ó sì jókòó. Onígbàjámọ̀ ta aṣọ bò ó, ó fi abẹ lé e ní ẹ̀yìn ọrùn. Lára ògiri tó dojú kọ ọ́ ni àwòrán àpáta náà wà, gbogbo ojú ibi tí wọ́n ń gbà gùn ún ló ní orúkọ. Ó rí "Yéè, Màmá Mi." Ó rí orúkọ ìyàwó ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ló rí èyí tó lọ sí etí àpáta tí kò fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ. Àṣà ni àṣà. Ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún ló ni orúkọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé sì gbọ́ lórí rédíò pé ó sọ lókè ni wọ́n kọ síbẹ̀: "Ṣé Ẹ Mọ Ẹni Tí Mo Jẹ́ Ni?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ká okùn lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ̀ ọ́n rí, rí i pé ó ń wo ibẹ̀.

"Ìyẹn dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, bàbá," ló wí. "Àtigùn ẹ̀ rọrùn. Àtisọ̀ ẹ̀ ló le."

Ọ̀gá ya ẹnu láti fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mi orí," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì ń bá irun lọ.